Ọjọ́ Tí Mo Ní Bàbá Wolé Ti Gbàgbé

Bàbá wa àgbà kì í mu omi láì kọ́kọ́ wo inú ife. Ìbáà jẹ́ ilé ìjòyè, ìbáà jẹ́ ilé àna, ìbáà jẹ́ omi tí èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ gbé fún un, á gbé ife náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á wò ó dáadáa kó tó gbé e kan ẹnu. Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé àdúrà ló ń gbà sí i. Kì í ṣe àdúrà. Tanwíjí ló ń wá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. "Ojú ló ń kọ́kọ́ mu omi," ló máa ń wí.

Gbogbo Ìlá ló ń pè é ní Bàbá Wolé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò mọ̀ pé láyé àtijọ́, ìjọba ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ aṣọ kakí, tí wọ́n ń wọ ilé onílé láti wo ìkòkò omi, ṣáláńgá àti gọ́tà. Wọ́n kàn rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn ni.

Nígbà tó kú, ẹbí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sínú ìwé ìsìnkú, nítorí èmi ni mo mọ ìwé kọ dáadáa. Mo kọ pé olóòótọ́ ni, pé ó nífẹ̀ẹ́ ìmọ́tótó, pé ó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fo ohun kan, ohun tí mo fò yẹn ló sì tóbi jù. Mo ti fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ báyìí sí àwọn aṣòfin tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbẹ bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe máa ń gbẹ. Èyí tí mò ń kọ yìí ni ti Bàbá fúnra rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní fi bò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Kì í bi onílé bóyá omi rẹ̀ mọ́. Ó lọ sí ilé kan ní Ọ̀rà nígbà kan, obìnrin ilé náà ti gbọ́ pé wolé-wolé wọ̀lú, ó ti gbé ìkòkò tuntun síwájú ilé, ó fọ̀ ọ́ títí ó ń dán, ó da aṣọ funfun bò ó. Bàbá kí i, ó yin ìkòkò náà, ó jókòó, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ti sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bu omi wá nínú ìkòkò àtijọ́, èyí tí wọ́n ń mu gan-an. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ bó bá ń sọ ìtàn yìí. Á wá fà mí létí díẹ̀: "Bó o bá bi èèyàn pé ṣé ilé ẹ̀ mọ́, á sọ bó ṣe wù ú kó rí fún ẹ. Ní kó fún ẹ lómi mu."

Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, ló sọ ti ìkòkò àna fún mi. Wọ́n ti gbé Bàbá lọ sí àdúgbò àwọn àna rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo èèyàn rò pé á fo ilé náà. Kò fò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tòun ti kakí lọ́rùn, ìyá náà sì ń ki í lọ́wọ́ nígbà tó dìde, tó ṣí ìkòkò rẹ̀, tó sì dà á nù sójú àgbàlá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Ìyá àgbà ò fi dáná fún un. Gààrí àti ẹ̀pà ló ń jẹ, kò sì ráhùn. Àwọn àgbà ilé àna pè é, wọ́n ní ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe. Ó bẹ̀ wọ́n nítorí omi tó ṣòfò, ó sì lọ pọn omìíràn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní: "Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi. Tanwíjí ni mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún."

Nítorí pé kò sí agboolé tí kò wọ̀ rí, orí rẹ̀ di ìwé ìlú. Ó mọ ibi tí ṣáláńgá àtijọ́ wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ kànga sí. Ó mọ pèrègún tó jẹ́ ààlà àti èyí tó kàn hù. Bí àwọn ọmọ ìyá méjì bá ń jà lórí ilẹ̀, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Bàbá Wolé. Á dé, á na ọ̀pá rẹ̀ síbi tí ààlà wà, ìjà á sì parí. Kì í búra. "Mo débẹ̀, mo rí i" ni gbogbo ìbúra tó ní, ìlú sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbọ́ rédíò ni Bàbá Dúró, aládùúgbò wa. Orí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí, wọ́n á máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Lọ́dún kòrónà, wọ́n pín bẹ́ǹṣì náà: ọ̀kan jókòó sí òpin ìhín, èkejì sí òpin ọ̀hún, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n sì gbé rédíò sáàárín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ìjọba ti gbé ètò kalẹ̀, pé wọ́n ń yẹ àwọn èèyàn wò káàkiri ìgbèríko. Bàbá á wá na ọwọ́ sí mi bí mo bá ń kọjá, nítorí pé èmi wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. "Ẹ wo ìjọba tó ń kọjá lọ," á wí, inú rẹ̀ á dùn.

Mo wà lára wọn lóòótọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè wa ni wọ́n gbà mí sí, iṣẹ́ àbọ̀, wọn ò tíì fún mi ní ìwé iṣẹ́ tó dúró. Iṣẹ́ mi ni kí n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú bọ imú èèyàn, kí n fi sínú ìgò, kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá fún àyẹ̀wò, kí n sì kọ orúkọ ẹni náà sínú rẹ́jísítà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìwé ń wá láti òkè pé iye èèyàn báyìí ni ká yẹ̀ wò. Ọ̀pá olówùú wá lẹ́ẹ̀kan, ó tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwé ò tán. Ọ̀gá wa wo rẹ́jísítà lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ẹ má jẹ́ kí ìlà kankan ṣófo." Kò ní kí n purọ́. Ohun tó ń wí yé mi ṣá.

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé orúkọ ẹbí kì í ṣe ohun tí mo jí, ta ni yóò pè mí lẹ́jọ́ lórí orúkọ bàbá mi àgbà? Òun ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ ní Jósẹ́fù Àlàó. Lóde, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àlàó. Oríkì tí ìyá rẹ̀ fún un ni, àwa ará ilé nìkan la fi ń kí i láàárọ̀. Mo rò pé mo ti fi oríkì bò ó mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àrùn lára rẹ̀, mo sì bọ́ sí ìlà tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Bàbá Dúró bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé e wá lórí ọ̀kadà, ó dì í mú láti ẹ̀yìn kó má bàa ṣubú. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá wọn dúró. Mo ní ọ̀pá ti tán, kí wọ́n padà sílé, kó dá yàrá sùn, kó máa mu omi gbígbóná. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì lẹ́yìn mi, ó kún dé ìlà ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Bàbá Dúró kú. Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó pa á, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Kòrónà ni, wọ́n ní. Wọn ò ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ Ìyá Dúró mọ́, wọ́n ń kí i láti òdìkejì títì. Bàbá nìkan ló ń gbé àga lọ jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀, ó fi aṣọ bo imú, ṣùgbọ́n ó ń lọ lójoojúmọ́. Ó bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni wọ́n rí nínú àyẹ̀wò ọ̀rẹ́ mi?" Mo ní a ò yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pá ti tán. Ó ní: "Rédíò ò sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan ń lọ káàkiri láti wádìí ohun tí wọ́n fi ètò àyẹ̀wò náà ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Bàbá lọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí ìwé, ó kà á fún mi kí n bá a tún un ṣe: kí ló dé tí kò sí ọ̀pá fún ọ̀rẹ́ òun, nígbà tí rédíò ń sọ pé ó wà fún gbogbo èèyàn? Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún un.

Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ọ̀gá wa ti múra láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n obìnrin náà ò bi í bóyá a ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé rẹ́jísítà wá. Ó ní òun máa pe orúkọ, kí ẹni tó bá wà níjòókòó nawọ́. Mo rí Bàbá láti ibi tí mo wà lẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ dé, obìnrin yìí ń béèrè omi mímu.

Ó pe orúkọ mélòó kan, ẹnìkan ò dáhùn. Tíṣà kan nawọ́, ó ní òótọ́ ni, wọ́n yẹ òun wò. Alága wá pe Jósẹ́fù Àlàó. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi èmi àtòun. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, orúkọ náà ì bá kọjá lọ. Bàbá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Èmi rèé."

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Báwo ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín ṣe rí?"

"Àyẹ̀wò wo?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé wọ́n ti nǹkan bọ̀ yín nímú, wọn ò sì rí àrùn."

"Ihò imú wo ni wọ́n ní àwọn tì í bọ̀?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyáàfin, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kàn mí nímú rí."

Alága ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé rẹ́jísítà sókè. "Ta ló kọ ojú ìwé yìí?"

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Mo dìde. Ìgbà yẹn ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára ìwé, tó bọ́ sára mi, tó sì dúró síbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ mi tí kò tíì jáde ni mò ń rò. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ-ọmọ wọn ni mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yẹ̀ wọ́n wò nílé. Bàbá ti dàgbà ni, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan."

Ohùn mi dùn gan-an. Ìyẹn ló ń dùn mí jù bí mo bá rántí rẹ̀, pé mo fi ohùn ìfẹ́ sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ṣe "ẹ̀yà, Bàbá." Alága bi í jẹ́jẹ́: "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá ká ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká, ó fi í sínú àpò. "Bí ọmọ mi bá ti ní mo gbàgbé," ó ní, "mo gbàgbé nìyẹn." Ó jókòó. Alága ṣí ojú ìwé tó kàn, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Bàbá Dúró lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé, mo ń retí kó bá mi wí. Mo bu omi fún un, mo kúnlẹ̀. Ó gbà á, ó gbé e kan ẹnu, ó mu ún tán láì wò ó. Mo ń wò ó, ẹnu mi là sílẹ̀. Ó dá ife náà padà sọ́wọ́ mi: "Mo gbàgbé láti wò ó ni."

Wọ́n fún mi ní ìwé iṣẹ́ tó dúró. Nínú ìwé ìwádìí tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé orúkọ inú rẹ́jísítà wa kì í ṣe òótọ́, pé àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ta kò ó, tí ọjọ́ orí sì ti ń pa ìrántí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Mo mọ̀ ọ́n sórí.

Kò pẹ́ sí i, àbúrò Bàbá Dúró gba ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí Ìyá Dúró ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ó ní pèrègún tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ààlà, ó kàn hù ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá. Àwọn àgbà kan ní ṣé ó ṣì lè rántí, Ìyá Dúró ní kí wọ́n ṣáà pè é. Bàbá mọ̀ nípa pèrègún yẹn. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá tó bí Bàbá Dúró àti àbúrò rẹ̀ gbìn ín, ó ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ débẹ̀. Ó dúró, ó wo ilẹ̀ pẹ́ títí, ó ní: "Mi ò rántí mọ́." Wọ́n sì gbé ilẹ̀ náà fún àbúrò.

Lójú ọ̀nà mo ń sunkún. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ojú yín ni wọ́n ṣe gbìn ín."

Ó ní, "A kì í gbàgbé ní ìdajì, Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá rántí pèrègún, wọ́n á béèrè èwo ni mo wá gbàgbé ní gbọ̀ngàn."

Mo ní màá lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ó dúró, ó wò mí. "Lọ," ó ní.

Mi ò lọ. Mo ní ó dọ̀la, ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó dìgbà tí ọ̀gá wa bá fẹ̀yìn tì. Bàbá ò tún bi mí. Mo mọ̀ pé òun náà ṣẹ Ìyá Dúró, mi ò sì fẹ́ fi ikú rẹ̀ sọ ọ́ di ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ fún tanwíjí inú ìkòkò àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún tèmi.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pariwo sí i létí bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ rántí mi?" Á ní, "Ta ni o?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Ó mọ̀ wọ́n, ó mọ ìyá wọn, ó mọ ìkòkò ilé wọn. Kò sẹ́ni tó tún pè é sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kú, lórí bẹ́ǹṣì, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, ẹbí àti aládùúgbò jókòó ní àgbàlá wa, oníkálukú ń sọ ohun tó rántí nípa rẹ̀. Ẹnìkan sọ ti gbọ̀ngàn ìlú, bí Bàbá ṣe béèrè ihò imú, àti bó ṣe gbàgbé pé wọ́n ti yẹ òun wò. Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo ní, "Bàbá ò gbàgbé."

Àbúrò bàbá mi ní, "Ẹ fà á jókòó, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é."

Wọ́n fà mí ní ọwọ́, mi ò jókòó. Mo ní èmi ni mo kọ orúkọ náà, ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wọ́n wò. Mo ní ọjọ́ tí mo lé Bàbá Dúró padà, irọ́ ló kún inú rẹ́jísítà mi. Mo ní pèrègún yẹn ni ààlà, Bàbá mọ̀, nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ní àwọn ò rántí. Àbúrò Bàbá Dúró dìde, ó bọ́ síta.

Ìyá Dúró jókòó sẹ́bàá ògiri. Kò pariwo. "Mo mọ̀ pé wọ́n rántí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ń sọ pé àwọn ò rántí mọ́, ìdí pèrègún yẹn gan-an ni wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi, ta ni Bàbá Wolé ń purọ́ fún?"

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo gbàgbé pé obìnrin ni mí. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dìde, lọ bu omi wá fún mi mu."

Mo sáré bu ú, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó gba ife náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó sì wò ó pẹ́ kó tó mu ún.